Ilé Tí Mo Kọ́ fún Ejò Bàbá Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n rò fún yín ohun tí ojú mi rí nítorí ejò. Bẹ́ẹ̀ ni, ejò! Kò kúkú bù mí jẹ. Bó bá bù mí jẹ ni, wọn ì bá ní kí n lọ dùbúlẹ̀ kí n sinmi. Ilé ni wọ́n ní kí n kọ́ fún un.

Ó rẹ̀ mí nígbà náà, ó sì tún ń rẹ̀ mí bí mo ṣe ń rántí rẹ̀ yìí.

Òyìnbó ṣì ń ṣèjọba lé wa lórí láyé ìgbà tí mò ń wí, ó ku ọdún mélòó kan kí òmìnira dé. Ọ̀yọ́ ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Mò ń ta òwú ìránṣọ, abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnnì fún àwọn télọ̀ ní ọjà Akẹ̀sán, Bísí ọmọ mi sì wà lẹ́yìn mi láàárọ̀ lálẹ́. Ọkọ mi, Bàbá Bísí, dírẹ́bà lọ́rì ni, aláàdúrà paraku sì ni pẹ̀lú.

Bàbá tó bí mi ń dáko ní Ìkòyí-Ilé, lápá Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́hùn-ún. Ìyá mi ti kú. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti bá òwò lọ sí Gánà, tí à ń pè ní Góòlùkóòsì nígbà náà. Ó wá ku Bàbá nìkan, òun àti ejò rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já o. Mọ́námọ́ná ni ejò ọ̀hún, irú èyí tí kò lóró. Bí ẹ̀rù bá bà á, ṣe ni yóò ká ara rẹ̀ jọ bí òṣùká, yóò ki orí bọ àárín, yóò máa retí kí ewu kọjá. Lọ́dún tí ìyá mi kú ni Bàbá rí i lábẹ́ ebè, ó ṣì kéré nígbà náà. Àwọn àgbẹ̀ yòókù ní kó pa á. Ó ní èkúté ń jẹ òun ní àgbàdo run, kí ẹni tó bá lè bá òun lé wọn máa bọ̀ nílé. Bó ṣe di ará ilé nìyẹn, orúkọ tí Bàbá sì ń pè é gan-an nìyẹn: Ará-Ilé.

Inú àká ló ń sùn. Bó bá di àárọ̀, á wọ́ jáde wá sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ Bàbá, wọn á jọ máa yáàrùn. Bàbá á máa bá a sọ̀rọ̀ òjò, ọ̀rọ̀ iṣu, ọ̀rọ̀ àwa ọmọ. Nígbà mìíràn tí mo bá yọ sí i lójijì, mo máa ń gbọ́ tó ń fi mí sun ejò!

Kí ló wá sọ ilé ejò di ọ̀ràn? Ẹsẹ̀ ni. Ọkọ́ bu Bàbá lẹ́sẹ̀ níbi tó ti ń kọ ebè. Ó fi ewé dì í, ó ní yóò jinná. Kò jinná. Nígbà tí mo fi máa rí i, ẹsẹ̀ ti wú, ó ti ń dúdú, òórùn rẹ̀ sì ti gba inú yàrá. Èmi àti ọkọ mi gbé e lọ sí ọsibítù ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó mirí. Ó ní kí Bàbá dúró lọ́jọ́ náà gan-an, kí àwọn gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, kí àwọn mọ ibi tí ó ṣe é wò sàn àti ibi tí àwọn yóò gé. Ó ní bó bá padà sílé, egbò náà yóò máa gòkè ni, tó bá sì ti gba orúnkún kọjá, ọ̀rọ̀ ti kọjá agbára àwọn.

Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà. Ó ní òun ń bọ̀, ṣùgbọ́n òun ní ẹnì kan nílé tí òun kò lè fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Dókítà bèèrè bóyá ìyàwó rẹ̀ ni. Ó kù díẹ̀ kí n ní kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì!

Ìgbà tí a jáde ló tó là á mọ́lẹ̀ fún mi.

“Àbẹ̀kẹ́,” ó ní, “bá mi wá ibi tó dára fún Ará-Ilé. Ibi tó dára ni mo wí o. Ọjọ́ tí mo bá fi ojú ara mi rí i pé ibẹ̀ dára, ọjọ́ náà ni n ó wá dùbúlẹ̀ fún wọn.”

Mo bẹ̀bẹ̀. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀. Mo ní kí ejò náà dúró nínú àká tó wà. Bàbá ní kí òun tó yọ lẹ́yìn ìlú, wọ́n á ti pa á, pé ojú òun nìkan ni wọ́n ń wò. Kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Òótọ́ ló sọ. Àwọn tó ń fi ojú wo ejò yẹn bí ẹran ọbẹ̀ pọ̀ ní àdúgbò.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe di pé ilé mi ní Ọ̀yọ́ ni ejò ń bọ̀. Bàbá Bísí dìde dúró nígbà tó gbọ́. Ó ní ejò, nínú ilé aláàdúrà! Ó ní ṣé mo ti gbàgbé ẹni tó tan Éfà jẹ ni? Mo ní mi ò gbàgbé, ṣùgbọ́n èyí kò gbọ́ Yorùbá débi tí yóò fi tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ó fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó wá ní ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ni yóò gbé, kì í ṣe inú ilé, àti pé kí ẹnikẹ́ni má sọ fún àwọn ará ìjọ.

Ẹ wá wo ìwà òmùgọ̀ àkọ́kọ́ tí mo hù. Mo ra àgò adìẹ tuntun, ẹlẹ́wà, mo gbé e lọ fi han Bàbá. Ẹ fọkàn sí i pé láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́, bọ́lẹ̀kájà ni, eruku ni, pákó líle ni à ń jókòó lé. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni n ó tún ti wá mọ́tò mìíràn tó ń lọ sápá Ìkòyí. Mo dé, ẹ̀yìn ń ro mí. Bàbá gbé ejò sábẹ́ àgò. Kí a tó kí ara wa tán, ejò ti gba àlàfo jáde, ó ti ń lọ sí àká rẹ̀.

Bàbá kò bínú. Ó kàn ní, “Ilé adìẹ lo gbé wá, ọmọ mi.”

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè. Níbo ni afẹ́fẹ́ yóò gbà wọlé? Níbo ni yóò sá pamọ́ sí bí ojú bá pọ̀ lára rẹ̀? Bó bá fẹ́ bọ́ awọ, omi tó lè wọ̀ sí dà? Bí ìjàlọ bá ya wọ̀ ọ́ níbi tí wọ́n tì í mọ́, báwo ni yóò ṣe sá? Mo ń ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Oorun ló ń kùn mí. Bísí ń sunkún. Nínú gbogbo ohun tó wí, èyí tí mo gbé délé kò ju pé kí ilé náà gùn, kó ní ìdérí, kó sì ní ihò.

Mo lọ bá káfíńtà kan tó wà lópòópónà wa. Bàbá àgbàlagbà ni, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kì í purọ́ ọjọ́. Mo ní kó bá mi kan àpótí. Ó bi mí bó ṣe gùn tó, mo na apá méjèèjì fún un. Ó ní ṣé ó ní ìdérí? Mo ní ó ní. Ó rọra wò mí, ó ní pẹ̀lẹ́. Mo ní ẹ ṣé, sà. Mo ṣáà sọ fún un pé kó dá ihò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó fi nẹ́ẹ̀tì sórí ìdérí. Ó bojú wò mí pẹ́, ó ní ẹ̀yin ìjọ aláàdúrà náà ní tiyín. Mi ò bi í pé kí ló ní lọ́kàn. Ẹni tó ti rẹ̀ kì í bèèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀.

Nígbà tí mo lọ gbé e, ilẹ̀ ti ń ṣú nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo fọwọ́ kan àwọn ihò, wọ́n wà níbẹ̀. Mo fọwọ́ tẹ nẹ́ẹ̀tì, ó le dáadáa. Ó tilẹ̀ ti fi ìdìmú irin sí i lọ́tùn-ún lósì, inú mi dùn pé yóò rọrùn láti gbé. Ó fi àpò bò ó fún mi, kò jẹ́ kí n pẹ́. Ṣé ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ? Èmi kò tíì mọ̀!

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé e sí àárín ẹsẹ̀ wa nínú bọ́lẹ̀kájà. Àpò rẹ̀ yọ̀ kúrò kí a tó jáde ní Ọ̀yọ́. Mo ṣàkíyèsí pé gbogbo èèyàn ń kí mi. Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ kú ìrọ́jú. Mo ní àwọn èrò tòní mà láàánú, wọ́n rí ọmọ lẹ́yìn mi, wọ́n rí ẹrù. Ọkùnrin kan tó ń pariwo nípa ọjà rẹ̀ rọra dákẹ́. Ẹnì kan dá orin ìsìn sílẹ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́. Mo tilẹ̀ bá wọn gbè é!

Nígbà tó kù díẹ̀ ká dé Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá arúgbó kan tó fẹ́ sọ̀ fọwọ́ kàn mí léjìká. Ó wo Bísí, ó wo àpótí. Ó ní, “Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ọlọ́run á wo èyí tó kù fún ọ.”

Oorun dá lójú mi. Ọ̀rọ̀ tí à ń sọ fún ẹni tí ọmọ kú fún nìyẹn! Mo bojú wo ẹsẹ̀ mi. Oòrùn ti mọ́lẹ̀ sára àpótí náà: ó fẹ̀ níbi èjìká, ó tẹ́ẹ́rẹ́ níbi ẹsẹ̀, ó ń dán, ìdìmú rẹ̀ ń kọ mànà. Pósí ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Pósí ọmọdé. Ohun tí ọwọ́ bàbá káfíńtà yẹn mọ̀ ọ́n kàn láti ọjọ́ pípẹ́ wá nìyẹn, ó sì ti kàn án fún mi tọkàntọkàn.

Ẹ ní kí n ṣe kí ni? Ṣé kí n dìde láàárín mọ́tò kí n ní, ẹ̀yin ará, ẹ má sunkún mọ́, ejò ló ni ín? Wọn á jù mí sínú igbó. Mo jókòó. Mo tẹ orí ba. Mo gba gbogbo ìkíni wọn, mo sì ń ní àmín.

Mo rò pé tí mo bá dé Ìkòyí, n ó gba ẹ̀yìn ilé wọlé kí ẹnikẹ́ni tó rí mi. Mo tú ìró mi kan, mo fi bò ó, mo rù ú. Áà! Bíbò tí mo bò ó ló tún bà á jẹ́ sí i. Àwọn obìnrin tó ń ti odò bọ̀ rí mi. Wọ́n mọ̀ pé ara Bàbá kò yá. Wọ́n rí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ru ohun tí aṣọ bò, tó ń gba ẹ̀yìn ilé. Ọ̀kan ju ìkòkò omi sílẹ̀, ó ké, ó ní yéè, àgbà ti lọ! Àwọn yòókù gbà á lẹ́nu rẹ̀. Kí n tó sọ ẹrù kalẹ̀, igbe ti gba gbogbo agbo ilé.

Ìgbà náà ni Bàbá jáde. Ó fi ọwọ́ kan di ara ògiri mú, ó ń fi ẹsẹ̀ kan tiro. Ó wá wo ẹni tó kú.

Gbogbo wọn dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá wo àwọn obìnrin, ó wo àpótí tí aṣọ ti yọ̀ kúrò lára rẹ̀, ó wò mí. Ojú rẹ̀ kò rí bí ojú rẹ̀. Ó bi mí ní ohùn kékeré kan tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.

“Àbẹ̀kẹ́, ṣé ó ti tó àkókò ni?”

Mo kúnlẹ̀. Mo ní ilé ejò ni, Bàbá! Ilé ejò ni! Mo ṣí ìdérí, mo ń fi ihò hàn án, mo ń fi nẹ́ẹ̀tì hàn án, omi ń dà lójú mi. Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí ẹ̀rù ti bà. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ pa igi náà, ó ní ẹni tó kàn án mọṣẹ́. Ó ní kí n gbé e padà, pé ohun tó bá ń mí kì í sùn nínú irú èyí. Ó yí padà, ó tiro wọlé.

Àwọn àgbà ní pósí òfìfo kò gbọdọ̀ sùn ní ìlú. Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo rù ú padà, wọ́n sì tún kí mi kú ìrọ́jú láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ọ̀yọ́. Bàbá káfíńtà gbà á lọ́wọ́ mi, ó tú nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi pákó dí àwọn ihò. Ó ní kò burú, pé ọjà òun kì í jẹrà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín tán. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá ti ní òun kò lọ sí ọsibítù mọ́. Ó ní ilé kò sí, ìrìn kò sí. Gbogbo ẹni tó bá ti apá ibẹ̀ wá sí Akẹ̀sán ló ń mú ìròyìn wá fún mi, ìròyìn náà kò sì dára. Ẹsẹ̀ ti wú dé agbedeméjì ojúgun. Kì í lè jáde yáàrùn mọ́, ejò ló ń wọ́ wọ inú yàrá lọ bá a. Mo máa ń jókòó nídìí òwú mi, oníbàárà á ní kí n mú funfun, n ó mú dúdú fún un. Mo ń bínú sí Bàbá. Kí n má tàn yín, mo bínú sí i gan-an. Ejò! Ẹni tó ní ọmọ, tó ní ọmọ ọmọ, ejò ló fẹ́ kú lé lórí!

Ọkọ mi ló là mí lójú, láìmọ̀. A ń jẹun lọ́wọ́ ni. Ó bi mí pé ṣé Bàbá ti bi mí léèrè rí nípa ọsibítù, bí bẹ́ẹ̀dì ṣe rí, bí iṣẹ́ abẹ ṣe ń rí, bí wọ́n ṣe ń fún èèyàn lóúnjẹ. Mo ní kò bi mí rí.

“Kò bèèrè rárá?”

“Rárá. Ọ̀rọ̀ ejò nìkan ló ń bèèrè.”

“Ó yà mí lẹ́nu,” ó ní. “Àwọn aláìsàn tí mo ń gbé lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, bí wọ́n ṣe ń bèèrè nìyẹn láti ibí dé ọ̀hún.”

Òkèlè dúró sí mi lọ́wọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rántí àwọn ìbéèrè Bàbá, èyí tí mò ń tòògbé sí. Ṣé afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀? Níbo ni yóò sá sí bí ojú bá pọ̀ lára rẹ̀? Bí nǹkan bá ya wọ̀ ọ́ níbi tí wọ́n tì í mọ́, báwo ni yóò ṣe sá? Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ta ni bàbá mi ń bèèrè nípa rẹ̀? Ó ti bèèrè, ó ti bèèrè, èmi sì lọ gbé pósí fún un ní èsì!

N kò lè jẹun mọ́. Mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo wo ibi tí oòrùn àárọ̀ ti ń yọ, mo fi igi fa ìlà sílẹ̀.

Ẹrẹ̀ ni mo fi mọ ọ́n, bí a ṣe ń mọ ilé èèyàn. Mo fi ẹsẹ̀ pò ó, ọkọ mi ń mọ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni, aláàdúrà náà ń kọ́ ilé ejò! A jẹ́ kí ògiri ga dé àyà mi. A fi páànù bo apá kan fún òjò àti oòrùn ọ̀sán, a fi nẹ́ẹ̀tì sééfù tí a ti ń kó ẹran sí tẹ́lẹ̀ bo apá kejì, kí oòrùn àárọ̀ lè wọlé. Mo fi imí màlúù pa ilẹ̀ rẹ̀ títí ó fi dán, mo da yanrìn gbígbẹ lé e. Mo dá ìkòkò kan tí ẹnu rẹ̀ ti fọ́ dùbúlẹ̀ ní kọ̀rọ̀ kó lè máa sá wọ inú rẹ̀, mo ri àwo amọ̀ fífẹ̀ mọ́lẹ̀ fún omi. A gbẹ́ kòtò tóóró yí gbogbo rẹ̀ ká, a rọ omi sí i nítorí ìjàlọ, a sì fi ilẹ̀kùn àti àgádágodo sí i. Ẹ̀yìn dùn mí débi pé n kò lè na tán. Ṣùgbọ́n n kò tún bínú mọ́.

Bàbá Bísí gbé lọ́rì lọ gbé Bàbá wá. Ejò wà nínú àpò aṣọ lórí itan Bàbá, ọkọ mi sì ń ka Sáàmù sókè láti Ìkòyí dé Ọ̀yọ́. Ó sọ fún mi pé nígbà tí àwọn kọjá níwájú ọsibítù, Bàbá yí ojú sí òdì kejì.

Ó gbé Bàbá pọ̀n wá sí ẹ̀yìnkùlé, ó gbé e jókòó lórí àpótí ìdáná mi. Bàbá gbóná bí ẹni tó jókòó ti iná. Síbẹ̀ ó wo ilé náà yíká.

“Oòrùn ńkọ́?”

“Ti àárọ̀ ni yóò máa wọlé, Bàbá.”

“Ìjàlọ?”

Mo fi omi hàn án.

“Bí ẹ̀rù bá bà á?”

Mo fi ìkòkò hàn án. Ó tú àpò, ó gbé Ará-Ilé sílẹ̀ sínú ilé tuntun. Ejò náà na ahọ́n, ó wọ́ yí ògiri ká, ó wọ inú omi, ó jáde. Níkẹyìn ó rí ìkòkò, ó wọ inú rẹ̀, ó ká jọ.

Bàbá wò ó títí. Ó wá ní, “Ta ni yóò máa bá a sọ̀rọ̀?”

Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo ní, “Èmi ni, Bàbá. Èmi ni n ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gbé yín wọlé. Èmi ni ẹ ó kọ́kọ́ rí nígbà tí ẹ bá lajú. Bí wọ́n bá ní kí n jáde, ẹnu ọ̀nà ni n ó jókòó sí. Kò sẹ́ni tí yóò tì yín mọ́bẹ̀ kó lọ.”

“Ejò ni mò ń bèèrè,” Bàbá ní.

“Mo mọ̀, Bàbá.”

Kò wò mí. Ìkòkò ejò náà ló ń wò. Ó ní, “Ó dára. Ẹ gbé mi, ká lọ.”

A kò tilẹ̀ mu omi. A yí lọ́rì padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Dókítà kò bá wa jà pé a pẹ́. Ó ní àwọn yóò gé e lábẹ́ orúnkún, pé orúnkún náà ṣì wà, ká dúpẹ́. Wọ́n gbé Bàbá sórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà, wọ́n ń tì í lọ. Mo ń bá wọn rìn. Ó dà bíi pé nǹkan fà mí, mo bojú wẹ̀yìn. Bàbá mi, tó ń fi ọwọ́ lásán gbé ejò kúrò lábẹ́ ebè, ló di etí ìborùn mi mú. Ó kàn dì í mú.

Nọ́ọ̀sì ní èmi kò lè kọjá ibẹ̀. Ó fẹ́ já ọwọ́ Bàbá kúrò lára aṣọ, pẹ̀lú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ náà ni o. Mo ní kó má ṣèyọnu. Mo bọ́ ìborùn náà lọ́rùn, mo fi sílẹ̀ fún un. Mo jókòó sórí síméńtì lẹ́nu ọ̀nà, Bísí lẹ́sẹ̀ mi. Ọkọ mi padà sí Ọ̀yọ́ lọ bá ejò sọ̀rọ̀, nítorí mo ti ṣèlérí.

Nígbà tí wọ́n gbé Bàbá jáde, ẹsẹ̀ kan kò sí, ó sì ń mí. Etí ìborùn mi ṣì wà nínú ọwọ́ rẹ̀, ó dì í gbágbá. Ìgbà náà ni mo tó sunkún, mo sunkún bí ọmọdé, mo sì sùn síbẹ̀.

Bàbá bọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀yọ́ ló wá ń gbé lọ́dọ̀ wa, òun àti Ará-Ilé, fún ọdún púpọ̀, wọ́n sì jọ ń fi mí sun ara wọn.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò pọ̀. Ẹni tó ń ṣàìsàn lè máa bèèrè nípa ewúrẹ́, nípa oko, nípa àgbàdo tó wà lájà. Ẹ má sáré bínú bí mo ṣe bínú. Ẹ dá a lóhùn dáadáa, kí ẹ sì tẹ́tí kí ẹ lè mọ ẹni tó ń bèèrè fún.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni ti àgbàlagbà ilé yín, èyí tó ń ní òun kò ní lọ àyàfi tí ẹ bá kọ́kọ́ ṣe nǹkan kan fún òun? Báwo lẹ ṣe yí i lọ́kàn padà? Ẹ sọ tiyín kí àwa náà gbọ́. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ ṣì ń bá a jiyàn lọ́wọ́, ẹ dákẹ́ ná, kí ẹ na etí aṣọ yín sí i.